Kí Àwòrán Parí Ṣáájú Ìgò: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Kíláàsì Àwòrán Tí Kálukú Ń Gbé Wáìnì Tirẹ̀ Wá

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ pe àwọn èèyàn fún aago méje alẹ́. Méjìlá wọn jókòó, kálukú pẹ̀lú ìgò wáìnì níwájú rẹ̀, orin ń dún lábẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ń sọ. Nígbà tí aago mẹ́jọ àbọ̀ bá fi lù, ìdajì wọn ò tíì kúrò lórí òfuurufú inú àwòrán, àwọ̀ tó yẹ kó tàn ti di ẹrẹ̀, ẹnì kan ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú gíláàsì ọtí rẹ̀, ẹlòmíì sì ti káwọ́ lẹ́rán, ó ní láti kékeré lòun ò ti mọ àwòrán yà. Wọ́n gbádùn ara wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kánfáàsì tí wọ́n gbé relé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò máa gbé.

Ọ̀pọ̀ olùṣètò á di ẹ̀bi náà ru ọtí, àwọn míì á dì í ru àlejò. Lójú tèmi, aago ló jẹ̀bi. Ọ̀dà akírílíìkì, ìyẹn ọ̀dà tí a ń fi omi pò, tó sì máa ń di bí ike tó bá gbẹ, nílò àkókò láti gbẹ kí a tó kun òmíràn lé e lórí. Àlejò náà nílò àkókò láti mu wáìnì wọn kí wọ́n sì tàkúrọ̀sọ. Àkókò kan náà ni méjèèjì. Tí wọ́n bá ń mu nígbà tí ọ̀dà ń gbẹ, tí wọ́n sì ń kùn nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, iṣẹ́ á yọ. Tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n máa mu nígbà tó yẹ kí wọ́n máa kùn, ọ̀dà á gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á wá padà wá fi ìkánjú kùn nígbà tó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Èèyàn 12 àti wákàtí 2 ni mo fi ṣe ìṣirò nísàlẹ̀ yìí. Àwòrán tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ ni oòrùn tó ń wọ̀ lórí omi, pẹ̀lú igi kan tó dúdú kirimú níwájú. Ó rọrùn, ó sì máa ń dára kódà lọ́wọ́ ẹni tí kò di búrọ́ọ̀ṣì mú rí.

OHUN TÍ Ẹ MÁA KÓ JỌ

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan:

- Kánfáàsì kan tí wọ́n ti nà sórí férémù, tí wọ́n sì ti fi jẹ́sò funfun (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń jẹ́ kí àwọ̀ di kánfáàsì mú) kùn. Èyí tó jẹ́ ínǹṣì 16 ní ìbú àti 20 ní gígùn ni ọ̀pọ̀ kíláàsì ń lò. Fún ẹ̀ẹ̀kínní, èyí tó jẹ́ 11 ní ìbú àti 14 ní gígùn ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má rò pé ìyàtọ̀ wọn kéré: kánfáàsì ńlá yẹn fẹ̀ ju kékeré lọ ní ìlọ́po méjì, wákàtí méjì yín ò sì ní di mẹ́rin nítorí rẹ̀.
- Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta: pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó ínǹṣì kan, pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó ìdajì ínǹṣì, àti kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Kí irun wọn jẹ́ oníke, torí omi máa ń tètè ba irun ẹranko jẹ́ nínú iṣẹ́ akírílíìkì.
- Ike omi kan tó wúwo nídìí, tí àwọ̀ rẹ̀ sì hàn gedegbe.
- Gíláàsì tí kò ní ẹsẹ̀. Gíláàsì wáìnì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìgúnpá kan ṣoṣo ló máa dà á nù.
- Àwo pépà méjì fún ọ̀dà, tíṣù tó nípọn, épúrọ́ọ̀nù.

Fún gbogbo ilé: ọ̀dà akírílíìkì ní àwọ̀ márùn-ún péré. Funfun (titanium white), dúdú, búlúù (ultramarine), yẹ́lò, àti pupa. Funfun ló máa ń kọ́kọ́ tán. Mílílítà 20 fún ẹnì kan kò pọ̀ jù, nítorí náà ẹ ra ìgò 500. Mílílítà 10 tó fún ẹnì kan nínú àwọn tó kù, ìgò 250 kọ̀ọ̀kan á sì ṣẹ́ kù. Ẹ wo ara ìgò yẹ́lò àti pupa dáadáa: cadmium jẹ́ irin olóró, kò sì yẹ kó wà níbi tí èèyàn ti ń jẹ tí wọ́n ti ń mu. Àwọn tí wọ́n kọ “hue” sí lẹ́yìn orúkọ náà kò ní in nínú, wọ́n sì dínwó.

Ẹ tún wá ọ̀rá láti fi bo tábìlì, ṣọ́ọ̀kì funfun díẹ̀, ike tí ń fọ́n omi bí ìrì, díráyà irun méjì, ohun tí a fi ń yọ kọ́ọ̀kì ìgò, àti omi mímu púpọ̀. Ísẹ́ẹ̀lì orí tábìlì, ìyẹn ohun tí a ń gbé kánfáàsì dúró lé, dára tí ẹ bá ní. Tí ẹ ò bá ní, kí wọ́n tẹ́ kánfáàsì sórí tábìlì. Ojú ọ̀run kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn wálẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín sínú ọ̀dà olóròóró. Ó rẹwà, ó sì ń dán, ṣùgbọ́n ọjọ́ ló fi ń gbẹ, kì í ṣe ìṣẹ́jú, òórùn ohun tí wọ́n fi ń pò ó kò sì bá wáìnì gbé. Ọ̀dà olómi lásán (watercolour) náà kò yẹ: àṣìṣe tí ẹ bá fi ṣe, ẹ ò lè kun nǹkan lé e kó bò.

ÌPELE 1: ILÉ ÀTI ÒFIN ỌTÍ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé bí àlejò bá ti gbé ọtí ara rẹ̀ wá, òfin ò kan àwọn mọ́. Òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Níbòmíràn, ẹni tí kò ta ọtí kò nílò ìwé àṣẹ kankan. Níbòmíràn, ilé tí gbogbo ayé lè wọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìgò nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti ń fún oníṣòwò ọtí ní ìwé àṣẹ, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ onílé pẹ̀lú. Ẹ gba ìdáhùn onílé ní kíkọ sílẹ̀.

Ọ̀fìn kan wà níbí tí kì í hàn. Tí ẹ bá kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì pé “owó yìí kó gíláàsì wáìnì kan mọ́ ọn,” títa ọtí lẹ ti ń ṣe yẹn lójú òfin ibi púpọ̀, ọ̀fẹ́ kọ́. Owó àwòrán ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ má fi ìgò kún un, kódà bí ẹ̀yin lẹ rà á.

Ẹ béèrè bákan náà bóyá ìbánigbófò ilé náà gba ọtí láàyè, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ orí tó yẹ sórí ìwé ìpè.

Ẹ ti ṣe é tán tí ẹ bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí láìkólòlò: ta ló fún wa láṣẹ, níbo ló kọ ọ́ sí, aago mélòó ló yẹ ká ti palẹ̀ ìgò mọ́?

ÌPELE 2: Ẹ YÀ Á NÍLÉ, KẸ́ Ẹ SÌ FI AAGO SÍ I

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ mú kánfáàsì tó tóbi bákan náà, búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta kan náà, àwọ̀ márùn-ún kan náà, kẹ́ ẹ ya àwòrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró sọ̀rọ̀. Ẹ wo aago. Ohun tó gba ẹ̀yin nìkan ní ìṣẹ́jú 30 máa gba kíláàsì ní nǹkan bíi wákàtí méjì, torí àlàyé, ìrìn káàkiri, ọ̀dà tó ń gbẹ àti ẹjọ́ wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Tó bá gbà yín ní ìṣẹ́jú 45, ẹ yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ẹyẹ márùn-ún tó ń fò yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ; lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ojú omi máa ń dá àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ lágara, ìdí rẹ̀ kì í tọ́.

Bí ẹ ṣe ń yà á, ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ ti ní láti dúró kí ọ̀dà gbẹ sórí káàdì kékeré kan. Nínú àwòrán tiwa, ibi méjì ni: lẹ́yìn òfuurufú àti omi, àti lẹ́yìn igi dúdú. Ẹ pa káàdì yẹn mọ́ dáadáa. Ibi méjì yẹn ni ọtí yín.

Ẹ má mú àwòrán ayàwòrán tó wà láyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ wá máa gbowó lórí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀tọ́ ayàwòrán ṣì wà lórí iṣẹ́ rẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Iṣẹ́ Vincent van Gogh, tó kú ní 1890, kò sí lábẹ́ irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́; ti ẹni tó ya tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá wà níbẹ̀. Èyí tó sàn jù ni kẹ́ ẹ ya tiyín. Àwòrán tí ẹ fúnra yín gbé kalẹ̀ ló máa ń rọ̀ yín lọ́rùn láti dín kù.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé káàdì náà fún ọ̀rẹ́ kan tí kì í yàwòrán. Tó bá lè kà á kó sì sọ ohun tó máa ṣe tẹ̀ lé ohun tó máa ṣe, ó ti dára. Tó bá béèrè ju ìbéèrè méjì lọ, ẹ tún un kọ.

ÌPELE 3: Ọ̀RỌ̀ ÌPÈ

Ibí ò gba àkókò, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu irú alẹ́ tí ẹ máa rí. Ìgò wáìnì kan tó jẹ́ mílílítà 750 máa ń fún èèyàn ní gíláàsì márùn-ún tó jẹ́ mílílítà 150 kọ̀ọ̀kan. Tí kálukú bá dá ìgò kan gbé wá, gíláàsì 60 ló wà lórí tábìlì yẹn láàárín wákàtí méjì. Ó pọ̀ jù fún ọwọ́ tó ń ya ẹ̀ka igi. Ìgò kan fún èèyàn méjì ni mo máa ń kọ, kò sì sí ẹni tó bá mi jà rí.

Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ káàbọ̀ o. Aago méje ni a ó bẹ̀rẹ̀ kíkùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dé ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ìgò kan fún ẹni méjì. Èyí tí a ń lọ́ ìdérí rẹ̀ ló dára jù. Ẹni tí kì í mu ọtí, kó gbé ohun tó fẹ́ràn wá. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ ò ní sunkún lé lórí. Ẹni tó bá máa mu, kó ti ṣètò ẹni tó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé.”

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má yọ ọ́ nítorí kí ọ̀rọ̀ lè dùn. Ẹ sì fi ìṣẹ́jú 15 yẹn sí i: ẹni tó bá pẹ́ dé, òfuurufú ti gbẹ kó tó mú búrọ́ọ̀ṣì.

ÌPELE 4: TÁBÌLÌ

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àyè tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75, tí kò bá ṣeé ṣe, kó má dín ní 60. Ẹ béèrè àwọn alọ́wọ́òsì kẹ́ ẹ sì mú wọn jókòó sí ìkángun tábìlì, kí ìgúnpá méjì má baà máa kọ lu ara wọn ní gbogbo alẹ́.

Omi búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà àti tíṣù wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń kùn. Gíláàsì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, lẹ́yìn kánfáàsì. Ẹ má kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ́ra. Ìkìlọ̀ ò ràn án. Mo ti kìlọ̀ tán lọ́jọ́ kan, ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí ọkùnrin kan fi fọ búrọ́ọ̀ṣì búlúù rẹ̀ nínú wáìnì funfun tó jíire, tó sì tún fẹ́ mu ún. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí nǹkan méjèèjì má jọra rárá: ike omi jẹ́ aláwọ̀ tó hàn, gíláàsì jẹ́ gíláàsì, ọwọ́ tó ń mú ọ̀kan kì í ṣe ọwọ́ tó ń mú èkejì.

Ẹ gbé kánfáàsì tiyín ga ju orí ẹni tó jókòó lọ, kí iná sì wà níwájú rẹ̀. Iná tó bá wà lẹ́yìn yín máa sọ yín di igi dúdú inú àwòrán náà.

Ẹ fún ọ̀dà sórí àwo pépà fúnra yín kí wọ́n tó wọlé. Funfun pọ̀, yẹ́lò àti pupa ní ìwọ̀nba, búlúù ní ẹ̀gbẹ́ kejì jìnnà sí yẹ́lò. Ẹ má fún dúdú sílẹ̀ rárá. Tí ẹ bá fún un, wọ́n á fi ọwọ́ kàn án. Ẹ dá a dúró di ìpele 7. Tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n dé, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sórí ọ̀dà kó má baà di ìpẹ́.

Àyẹ̀wò: ẹ jókòó sí àga tó jìnnà jù, kẹ́ ẹ nawọ́ mú omi láìwò ó. Tí ọwọ́ yín bá bọ́ sórí gíláàsì, ẹ tún un tò.

ÌPELE 5: ÒFUURUFÚ ÀTI OMI, ÌGÒ ṢÌ WÀ NÍ PÍPADÉ

Ẹ kí wọn, ẹ ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ sọ òfin kan ṣoṣo alẹ́ yẹn: a ò tíì ṣí ìgò. Wọ́n á pariwo. Ẹ sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú 35 péré ni, kẹ́ ẹ sì dá a sí ìṣẹ́jú 35 lóòótọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé akírílíìkì tín-ín-rín lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ tó gbẹ ò sì ṣeé pò mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ mọ́. Apá yìí nìkan ni ìyára ṣe pàtàkì nínú gbogbo àwòrán náà. Ẹni tó bá gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ láti bu ọtí nísinsìnyí, ìlà ló máa rí nígbà tó bá padà.

1. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti apá òsì sí ọ̀tún, ní ìdá mẹ́ta kánfáàsì láti ìsàlẹ̀. Kí ó má wà láàárín gan-an. Ṣọ́ọ̀kì ni o, pẹ́ńsù kọ́: dúdú pẹ́ńsù máa ń dàpọ̀ mọ́ yẹ́lò á sì dọ̀tí, nígbà tí omi díẹ̀ ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò. Kí wọ́n ya ìdajì oòrùn sórí ìlà náà.

2. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá àti omi díẹ̀ jẹ́ kí kánfáàsì ní ìrì lókè ìlà náà. Ìrì ni mo wí. Tí omi bá ń ṣàn, tíṣù.

3. Funfun àti yẹ́lò nínú oòrùn àti yí i ká. Yẹ́lò àti pupa díẹ̀, ìyẹn àwọ̀ ọsàn, yí ìyẹn ká. Lẹ́yìn náà pupa àti funfun. Lẹ́yìn náà ni búlúù àti funfun lókè pátápátá.

Ẹ dúró lórí nọ́ńbà 3 yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ti ń wá. Búlúù àti àwọ̀ ọsàn kò gbọdọ̀ pàdé ní tútù; búráùn ni wọ́n máa ń bí. Yẹ́lò àti elésè àlùkò náà, bákan náà. Pupa ni alárinà wọn. Ó bá yẹ́lò rẹ́, wọ́n sì bí àwọ̀ ọsàn. Ó bá búlúù ultramarine rẹ́, wọ́n sì bí elésè àlùkò tó mọ́. Nítorí náà kí ìgbànú pupa tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta wà láàárín apá tó gbóná àti apá tó tutù. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni wọ́n á máa kùn, kí wọ́n sì nu búrọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún nù ún kí wọ́n tó wọ búlúù. Nínù yẹn ni gbogbo èèyàn ń fò. Búrọ́ọ̀ṣì tí a fọ̀ tí a ò nù, omi ẹlẹ́gbin ló gbé bọ̀ wá sórí kánfáàsì.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé akírílíìkì máa ń ṣú díẹ̀ sí i tó bá gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ òfuurufú tó tàn, kó pò ó kó tàn ju bó ṣe fẹ́ lọ.

4. Omi ní ìsàlẹ̀ ìlà: àwọ̀ kan náà, ní ìdojúdé. Yẹ́lò wà nítòsí ìlà, búlúù nísàlẹ̀ pátápátá, pupa láàárín. Láti òsì sí ọ̀tún nìkan ni búrọ́ọ̀ṣì ń lọ. Ẹni tó bá ń kùn ún sókè-sódò, koríko ló ń kùn.

Bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn: ẹ ṣe ohun kan, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì yín kalẹ̀, ẹ rìn yí tábìlì ká. Ẹ má ṣe ìgbésẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò rí èkínní á fi ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣe èkejì. Èèyàn 12 nílò olùrànlọ́wọ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tíṣù, omi mímọ́ àti àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì kan kánfáàsì àlejò láìgbàyè. Ẹ béèrè pé, “Ṣé kí n fi hàn yín lórí pépà?” Bí ẹ bá tún òfuurufú ẹnì kan ṣe, ti yín ni àwòrán náà látìgbà yẹn, òun náà sì mọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ dúró ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí tábìlì, kẹ́ ẹ dijú díẹ̀. Lórí kánfáàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ láàárín àti òkùnkùn lókè àti nísàlẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní kìkì búráùn, kó má fọ̀ ọ́. Kó dúró kó gbẹ, kó sì kun òmíràn lé e nígbà ìsinmi. Kó fi funfun púpọ̀ sí i lọ́tẹ̀ yìí.

ÌPELE 6: Ẹ ṢÍ ÌGÒ

Ìṣẹ́jú 20. Ẹ sọ ọ́ sókè, ẹ gbé orin sókè, kí gbogbo wọn gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ kí wọ́n sì dìde kúrò ní tábìlì. Kí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó mú gíláàsì tàbí ohun jíjẹ. Olùrànlọ́wọ́ kó gbogbo búrọ́ọ̀ṣì kúrò nínú omi kó sì tẹ́ wọn sórí tíṣù, torí búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ẹnu rẹ̀ dúró nínú ike, irun rẹ̀ á wọ́, gọ́ọ̀mù tó dì í mú á sì tú. Ó tún pààrọ̀ omi gbogbo wọn.

Ẹ tan díráyà irun sórí àwọn tó nípọn, ní ìwọ̀n atẹ́gùn tó kéré, kí ọwọ́ máa rìn. Tí ẹ bá fi í síbì kan ṣoṣo, ojú ọ̀dà á gbẹ nígbà tí inú ṣì tutù, igi dúdú á sì ṣí i bí èépá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìsinmi yìí kọ́ ni àkókò láti sọ̀rọ̀ nípa àwòrán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn wo ti ara wọn. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó rò pé tòun burú á rí i pé ti gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, ara á sì tù ú. Àwíyé mi ò lè ṣe ohun tí ìrìn yẹn ń ṣe.

Bí wáìnì bá dà sórí kánfáàsì, ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́, ẹ má nù ún. Tó bá gbẹ, ẹ kùn ún bò. Tí ẹnì kan bá ṣèèṣì mu omi búrọ́ọ̀ṣì, kó fi omi mímọ́ yọnu, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ọ̀dà. Tí ara rẹ̀ ò bá yá, ẹ pe dókítà. Tí ọ̀dà bá ta sí aṣọ, omi tútù àti ọṣẹ lójú ẹsẹ̀. Akírílíìkì tó bá ti gbẹ ti di ike, bíbọ́ rẹ̀ sì ṣòro.

Àyẹ̀wò kí ẹ tó pè wọ́n padà: ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan òfuurufú láìtẹ̀ ẹ́. Tó bá tutù lára yín, omi ṣì ń fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Tó bá rí bí ara ògiri lásán, ó ti gbẹ.

ÌPELE 7: IGI DÚDÚ, ÀTI ÌMỌ́LẸ̀ ÌKẸYÌN

Nísinsìnyí ẹ fún dúdú sórí àwo pépà kejì, ìwọ̀n èékánná kan péré. Gíláàsì kìíní ti wọlé, ọwọ́ ti rọ̀, kò sì burú: ẹ̀ka igi fẹ́ ọwọ́ tó rọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ tó le gbagidi ń ya òpó iná.

Kí wọ́n fi omi po dúdú títí yóò fi máa ṣàn bíi íǹkì. Tó bá nípọn, ẹ̀ka á máa já. Tó bá ti ń hàn kedere bí omi tíì, omi ti pọ̀ jù, kí wọ́n fi dúdú kún un. Igi wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe láàárín oòrùn. Láti ìdí lọ sókè ni wọ́n ń fà á, kí ìtẹ̀mọ́ ọwọ́ máa dín kù bí ó ṣe ń lọ, kí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì sì kúrò lórí kánfáàsì ní ṣóńṣó. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín ju èyí tó bí i lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú mẹ́ta lórí pépà. Lẹ́yìn náà, ìlà ilẹ̀ dúdú nísàlẹ̀ igi, kó má baà léfòó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni àìmọ̀gbà tí a ń dúró. Ẹ̀ka ń dùn ún yà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ní kí gbogbo wọn gbọ́wọ́ sókè, tí wọ́n bá ti gbé e sókè, ẹ ní, “Ó tó.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ti gba àwòrán mẹ́fà là.

Ìsinmi kejì, ìṣẹ́jú 10. Gíláàsì kejì fún ẹni tó bá fẹ́, omi fún gbogbo wọn.

Èyí tó kẹ́yìn ni ìlà ìmọ́lẹ̀ lórí omi: funfun àti yẹ́lò díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìdajì ínǹṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní omi rárá, ìlà kéékèèké láti òsì sí ọ̀tún lábẹ́ oòrùn gan-an, tóóró nítòsí ìlà ojú omi, fífẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó. Tí dúdú igi ò bá tíì gbẹ, kí wọ́n má kọjá lórí rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé kánfáàsì náà dorí kodò. Tí ìlà ìmọ́lẹ̀ bá ṣì wà ní òpó kan tó tọ́ pẹ̀lú oòrùn, ó tọ́. Tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́, búlúù díẹ̀ á bo ìlà tó ṣìnà.

ÌPELE 8: PÍPALẸ̀MỌ́

Kí wọ́n kọ orúkọ sí ìgun ìsàlẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí ẹ ya fọ́tò gbogbo wọn nígbà tí iná ṣì dára, kẹ́ ẹ sì dé ìgò. Ní ọ̀nà yẹn gan-an. Tí ẹ bá dé ìgò ṣáájú fọ́tò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù.

Kánfáàsì ò gbọdọ̀ lọ sílé lójúkojú. Akírílíìkì tuntun máa ń lẹ̀ mọ́ akírílíìkì tuntun kódà tí ọwọ́ bá sọ pé ó ti gbẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ yà wọ́n á gbé òfuurufú ẹnì kejì lọ. Ẹ̀yìn sí ojú, pẹ̀lú ohun kan láàárín tí kò ní jẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn, tàbí kí kálukú gbé tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí àwọn kan bá ṣì tutù níbi tó nípọn, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ di òwúrọ̀.

Ẹ wo ẹni tó fẹ́ wakọ̀. Ẹ̀yin lẹ pè é.

Fún búrọ́ọ̀ṣì: nù ún sórí tíṣù títí kò fi sí àwọ̀ mọ́, lẹ́yìn náà ọṣẹ àti omi tó tutù. Omi gbígbóná máa ń mú kí ọ̀dà dì mọ́ ìdí irun. Ẹ fi ìka tún ẹnu rẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ gbẹ ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ má da omi ọ̀dà sínú síńkì lójú ẹsẹ̀. Ẹ dà gbogbo rẹ̀ sínú korobá kan di ọjọ́ kejì. Ọ̀dà á rì sí ìsàlẹ̀, ẹ da omi ojú rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi tíṣù kó èyí tó kù sínú pàǹtírí. Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù lórí àwo pépà, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó jù ú nù.

Ní òwúrọ̀, ẹ tẹ irun búrọ́ọ̀ṣì kan láàárín ìka méjì. Tó bá rọ̀ títí dé ìdí, ó ṣetán fún kíláàsì tó ń bọ̀. Tí ìdí rẹ̀ bá le, ọ̀dà ti wọ inú irin rẹ̀; ẹ yà á sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kọ “omi” sí ara rẹ̀, kó di búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń rin kánfáàsì ní ìpele 5.